Kí Ẹ Tó Dá Sọ́fúwià Lẹ́bi Nígbà Tí Mẹ́nù Kò Bá Gbọ́ràn

Iṣẹ́ ìwé títẹ̀ ni mo ń ṣe ní Ìbàdàn, ó sì ti lé ní ọdún mẹ́wàá tí mo ti wà nídìí rẹ̀. Ìwé ètò ìsìnkú, ìwé ìpè ìgbéyàwó àti àkọsílẹ̀ ìpàdé ẹgbẹ́ ni ó pọ̀ jù nínú ohun tí àwọn oníbàárà máa ń gbé wá. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ kò ju ti ọ̀nà tí à ń gbà wọ inú mẹ́nù, ìyẹn àkójọ àṣẹ tí ń ṣí sílẹ̀ nínú sọ́fúwià, lọ, nítorí pé ibẹ̀ ni mo ti pàdánù àkókò jù lọ, tí ó sì jẹ́ pé, ní ọ̀pọ̀ ìgbà tí mo dá sọ́fúwià lẹ́bi, kì í ṣe òun ni ó jẹ̀bi.

Ní alẹ́ Ọjọ́bọ̀ kan, màmá kan jókòó sórí bẹ́ǹṣì lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ń dúró de ìwé ètò ìsìnkú ọkọ rẹ̀ tí wọn yóò lò láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Mo ti tẹ ìwé náà tán, mo ti tún un kà, ó ku kí n ṣí mẹ́nù File kí n sì rán an sí pírńtà. Mo fi máòsì tẹ File. Mẹ́nù náà yọjú, ṣùgbọ́n kí n tó ka ohun tí ó wà nínú rẹ̀, ó ti pa dé. Mo tún un tẹ̀, ó tún pa dé. Mo pa kọ̀ǹpútà, mo tún un tàn, kò yàtọ̀. Ni mo bá yọ odindi sọ́fúwià náà kúrò, mo sì tún un gbé wọlé, iṣẹ́ tí ó gbà mí ju wákàtí kan lọ, tí jẹnẹrétọ̀ sì ń jẹ epo ní gbogbo àkókò náà.

“Ẹ jọ̀ọ́, Mà, ẹ fún mi ní ìṣẹ́jú díẹ̀ sí i.”

“Kò burú, ọmọ mi. Ṣé kì í ṣe pé ó ti rẹ ẹ̀rọ yẹn ni?”

Ó ti rẹ̀ ẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n máòsì ni, kì í ṣe kọ̀ǹpútà. Nígbà tí mo yá máòsì ọ̀dọ́mọkùnrin tí ń ṣe káàdì ní ṣọ́ọ̀bù kejì, mẹ́nù ṣí, ó dúró, a sì tẹ ìwé náà jáde.

Lábẹ́ bọ́tìnnì òsì máòsì, súwíìṣì kékeré kan wà tí ó ní irin pẹlẹbẹ tín-ín-rín nínú. Bí irin yìí bá ti gbó, ó máa ń ta nígbà tí a bá tẹ̀ ẹ́, kọ̀ǹpútà yóò sì ka ìtẹ̀ ẹyọ kan sí méjì: èyí àkọ́kọ́ yóò ṣí mẹ́nù, èkejì yóò pa á dé. Bí mo ṣe ń yẹ̀ ẹ́ wò ni pé mo máa ń tẹ fódà kan ní ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo. Ìtẹ̀ ẹyọ kan kò gbọdọ̀ ṣe ju pé kí ó mú fódà náà lọ. Bí ó bá ṣí, tí kì í sì í ṣe pé ẹnì kan ti yí ètò kọ̀ǹpútà náà padà kí ìtẹ̀ kan lè máa ṣí nǹkan, máòsì náà ni kí ẹ pààrọ̀. Ẹ tẹ̀ ẹ́ tó ogún ìgbà, nítorí pé ó lè ṣe dáadáa lẹ́ẹ̀mẹ́wàá kí ó tó ṣìṣe lẹ́ẹ̀kan.

Láti ìgbà náà, bí mẹ́nù bá ń yọ mí lẹ́nu nínú sọ́fúwià kan, Notepad, sọ́fúwià kékeré fún ìwé kíkọ tí ó ń bá Windows wá, ni mo máa ń kọ́kọ́ ṣí. Bí ìyọnu náà bá tẹ̀lé mi débẹ̀, a jẹ́ pé ara máòsì, kíbọ́ọ̀dù tàbí ètò Windows fúnra rẹ̀ ni ó wà. Bí ó bá jẹ́ inú sọ́fúwià kan ṣoṣo ni ó ti ń ṣẹlẹ̀, ìgbà náà ni ó tó àsìkò láti bi sọ́fúwià léèrè. Àyẹ̀wò yìí kò gba ìṣẹ́jú méjì, n kò sì rò pé ó yẹ kí ẹnikẹ́ni yọ sọ́fúwià kúrò láìṣe é.

Ohun tí ó dùn mí jù nípa alẹ́ ọjọ́ yẹn ni pé n kò nílò máòsì rárá. Ctrl pẹ̀lú P ì bá ti gbé mi dé ọ̀dọ̀ pírńtà. Bí ẹ kò bá tilẹ̀ mọ ìyẹn, ẹ tẹ Alt tàbí F10, ẹ ó bọ́ sórí ìlà mẹ́nù. Ẹ fi bọ́tìnnì ọlọ́fà rìn, ẹ tẹ Enter láti yan ohun tí ẹ fẹ́, ẹ tẹ Esc láti jáde. Shift pẹ̀lú F10 ń ṣe iṣẹ́ bọ́tìnnì ọ̀tún máòsì. Lórí ọ̀pọ̀ láptọ́ọ̀pù, iṣẹ́ mìíràn ni wọ́n fún F10, nítorí náà ẹ di Fn mú kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́.

Àwa tí a ń tẹ Yorùbá ní ìṣòro tiwa, èyí sì ni mo fẹ́ fara balẹ̀ ṣàlàyé. Lórí ètò kíbọ́ọ̀dù tí mò ń lò, Alt ọwọ́ ọ̀tún ni mo ń dì mú láti kọ ẹ, ọ àti ṣ. Níwọ̀n ìgbà tí ètò yìí bá wà lẹ́nu iṣẹ́, Alt ọ̀tún kò ní ṣí mẹ́nù mọ́, nítorí pé Windows ń kà á sí Ctrl àti Alt pa pọ̀. Alt òsì nìkan ni ó kù fún mẹ́nù. Wàhálà ń bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ọwọ́ bá ṣèèṣì lọ sí Alt òsì níbi tí a ti ń sáré tẹ̀wé. Nínú LibreOffice Writer, sọ́fúwià ìtẹ̀wé kan, tí mẹ́nù rẹ̀ bá wà ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, ẹni tí ń wá ẹ yóò rí i pé Alt pẹ̀lú E ti ṣí mẹ́nù Edit. Ẹni tí ń wá ọ yóò rí i pé Alt pẹ̀lú O ti ṣí Format. Àwọn lẹ́tà tí ó bá tẹ̀ lẹ́yìn náà kò ní dé inú ìwé, àṣẹ ni mẹ́nù yóò kà wọ́n sí. Ìpínrọ̀ odidi ti pòórá mọ́ mi lójú báyìí rí. Ẹ dáwọ́ títẹ̀ dúró lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ẹ tẹ Esc títí mẹ́nù yóò fi pa dé, kí ẹ tó wá fi Ctrl pẹ̀lú Z dá ohun tí ó sọnù padà.

Alt òsì pẹ̀lú Shift tún wà, tí Windows fi ń yí kíbọ́ọ̀dù láti èdè kan sí òmíràn. Ẹni tí ó ní Gẹ̀ẹ́sì àti Yorùbá lórí kọ̀ǹpútà rẹ̀ lè yí i láìmọ̀, ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni mo sì fi rò pé kíbọ́ọ̀dù mi ti bàjẹ́. Nínú Windows 11, ẹ lọ sí Settings, Time & language, Typing, Advanced keyboard settings, kí ẹ sì ṣí Input language hot keys; níbẹ̀ ni ẹ ó ti tẹ Change Key Sequence, kí ẹ sì yan Not Assigned. Bọ́tìnnì Windows pẹ̀lú Space yóò ṣì máa yí èdè fún yín nígbà tí ẹ bá fẹ́ ẹ gan-an.

Ti Excel, sọ́fúwià tí a fi ń to nǹkan sínú àpótí àpótí, kò gba àlàyé púpọ̀. Olùkọ́ kan gbé láptọ́ọ̀pù wá pé bọ́tìnnì ọlọ́fà òun ti kú, pé gbogbo ojú ìwé ni ó ń sún dípò kí òun máa bọ́ láti àpótí kan sí òmíràn. Scroll Lock, tí ń mú kí ọlọ́fà máa sún ojú ìwé, ni ó wà ní títàn, láptọ́ọ̀pù náà kò sì ní bọ́tìnnì rẹ̀. Mo tẹ Windows, Ctrl àti O pa pọ̀, kíbọ́ọ̀dù ojú síkírìnì jáde, mo ní kí ó fi máòsì tẹ ScrLk, ó sì padà sí orí èsì ìdánwò àwọn ọmọ rẹ̀.