Ẹ Má Gbé Bánà Wọ Ilé Olóògbé

Ẹ̀yin àbúrò mi, mo rí ìkéde yín. Ẹ̀yin tí ẹ jáde ní kọ́lẹ́jì tí wọ́n ti ń kọ́ olùkọ́ ní Ìkéré ní 2012 fẹ́ lọ kí mọ̀lẹ́bí ọ̀rẹ́ yín tó ṣaláìsí ní Ọ̀mùò. Ẹ ti dá aṣọ ẹgbẹ́, ẹ ti ya bánà, ẹ ti bá oníkámẹ́rà dúnàádúrà. Inú mi dùn sí èrò yín, àyà mi sì já. Àwa tí a jáde ní 1991 ti gba ọ̀nà yẹn kọjá. Ẹ ò bi mí o, ṣùgbọ́n ẹni tí ojú rẹ̀ ti rí i kò yẹ kó dákẹ́.

Ẹ̀kọ́ kìn-ín-ní: bí ẹ bá ń wá ènìyàn lẹ́yìn ọdún gbọọrọ, ìlú rẹ̀ ni kí ẹ fi wá a, ẹ má fi orúkọ wá a. Ẹ̀yin ní Facebook. Ní tiwa, àdírẹ́sì ilé bàbá ẹni la kọ sínú ìwé ara wa nígbà tí a ń túká, nítorí ọdún 2001 ni fóònù alágbèéká tó bẹ̀rẹ̀ sí dé ọwọ́ ọ̀pọ̀ ará Nàìjíríà. Nígbà tí wọ́n sì yọ Èkìtì kúrò lára Oǹdó ní October 1996, olùkọ́ tó jẹ́ ọmọ Àkókó gba ọ̀hún lọ, ọmọ Èkìtì padà sílé, a fọ́n ká. Àwọn obìnrin wa ń jẹ́ orúkọ ọkọ. Àwọn ọkùnrin náà yí tiwọn padà: ẹni tí a mọ̀ sí Ògún-báyìí tàbí Ifá-báyìí ti di Olú-báyìí láti ìgbà tó ti di àtúnbí. (Ẹ fi ọ̀rọ̀ orúkọ yìí sọ́kàn, mo ń padà bọ̀ síbẹ̀.) Kọ́lẹ́jì gan-an kò jẹ́ orúkọ tó ń jẹ́ mọ́, láti 2020 ló ti di yunifásítì, wọ́n sì fi orúkọ olóògbé Bámidélé Olúmilúà, tó ti ṣe gómìnà Oǹdó rí, sọ ọ́. Ẹ dé ìlú, ẹ bèèrè ní ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ bèèrè lọ́wọ́ àwọn tó ń ta iyán. Ọ̀nà yóò là.

Ẹ̀kọ́ kejì: ẹ má béèrè "Bàbá ńkọ́? Màmá ńkọ́?" kí ẹ tó mọ ẹni tó wà láyé. "Ṣé àlàáfíà ni ilé wà?" ti tó. Èyí kò gba àlàyé, wọ́n ti kọ́ yín nílé.

Ẹ̀kọ́ kẹta... Ẹ jẹ́ kí n pa nọ́ńbà tì, kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀.

A ní ọ̀rẹ́ kan tí gbogbo họ́sítẹ́ẹ̀lì ń pè ní Gómìnà, nítorí òun ló máa ń lọ bá àwọn aláṣẹ sọ̀rọ̀ bí omi bá dá. Lọ́jọ́ tí a parí ìdánwò, òun ló gún iyán fún wa. Ó ní ọmọ Èkìtì tí kò bá lè gún iyán, kó lọ pààrọ̀ ìwé ìbí rẹ̀. Ìkọ̀lé ló ń gbé, iṣẹ́ olùkọ́ náà ló sì ń ṣe títí tó fi kú. Lẹ́yìn tí wọ́n ti sin ín tán la tó gbọ́.

Alága ẹgbẹ́ wa ní gbogbo wa ni yóò lọ. Mo pe àbúrò olóògbé lórí fóònù. Ohun tó sọ kò gùn: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ rán ẹni méjì wá. Ọ̀rọ̀ kan wà nílé tí n kò lè sọ lórí fóònù." Mo gbé ọ̀rọ̀ náà síwájú ẹgbẹ́ lórí WhatsApp. Alága ní a ti sanwó bọ́ọ̀sì. Ẹnì kan tilẹ̀ kọ ọ́ síbẹ̀ pé ìbò tí mo pàdánù ló ṣì ń dùn mí. Lóòótọ́ ni mo du ipò alága, lóòótọ́ ni wọn kò yàn mí. Ìyẹn kò sọ etí mi di adití sí ohun tí ọmọkùnrin yẹn wí.

A lọ. Ẹni méjì na bánà sẹ́nu ọ̀nà: àwòrán Gómìnà ti ọdún 1991, irùngbọ̀n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ, "Sùn re o" lábẹ́ rẹ̀. Ìyá rẹ̀ jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀.

Wọn kò tíì sọ fún un. Ẹ mọ bí a ti ń ṣe é nílẹ̀ wa, a kì í já irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lu arúgbó. Wọ́n sin ọmọ rẹ̀ láìjẹ́ kó mọ̀, wọ́n ní iṣẹ́ gbé e lọ sí Àbújá. Àkọ́bí olóògbé, obìnrin ni, a máa wá sọ fún un pé, "Màmá, Dádì ní kí n kí yín." Gbogbo agboolé ló mọ̀, àwọn ọmọdé pàápàá mọ bí wọ́n ṣe ń pa ẹnu mọ́. Màmá kò mọ̀wé, ṣùgbọ́n ó mọ ojú ọmọ rẹ̀. Akọ̀wé wa sì ti bẹ̀rẹ̀ àdúrà lóhùn rara, ó ń ní kí Ọlọ́run tu opó àti ọmọ nínú.

Màmá kò ké. Ó wo bánà, ó wo ọmọ-ọmọ rẹ̀, ó ní, "Ṣé Àbújá tí ẹ ní ó wà nìyí?"

Kámẹ́rà ń ṣiṣẹ́ lọ. Ọmọbìnrin náà gbé omi tó fẹ́ fún wa kalẹ̀. "Ẹ ká nǹkan yẹn," ó ní. "Ẹ ká a, kí ẹ máa lọ." Kí awakọ̀ tó yí mọ́tò, wọ́n ti gbé àpò ìrẹsì wa padà sínú bọ́ọ̀sì. Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ títí a fi dé Ìfàkì, níbi tí alága ti ní ọ̀rọ̀ ìdílé ni, kò kàn wá. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ó kó àwòrán sórí WhatsApp: "Ìbẹ̀wò aláyọ̀."

Ayọ̀ ta ni? Ẹ̀yin èwe, ilé tí ẹ ń lọ yẹn kò dúró dè yín láti ọjọ́ tí ẹ ti kúrò ní họ́sítẹ́ẹ̀lì. Wọ́n ti ní àṣírí tí wọ́n ń bò, gbèsè tí wọ́n ń san, ìjà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ parí. Ọ̀rẹ́ yín ni ẹ mọ̀, ẹ ò mọ ilé rẹ̀. Bí ẹni tó wà nínú ilé bá ní kí ẹ dúró, ẹ dúró!

Èmi padà lọ nígbà tó yá. Àbúrò rẹ̀ ló mú mi wọlé, n kò gbé nǹkan kan dání. Ọmọbìnrin náà fún mi lómi, kò jókòó. Ìgbà tó ti mọ̀ mí díẹ̀ ló tó gbé ọ̀rá kan jáde, ìwé bàbá rẹ̀ ló kún inú rẹ̀. Owó ikú bàbá ti há. Ògún ló bẹ̀rẹ̀ orúkọ tó wà lórí ìwé ẹ̀rí NCE, Olú ló wà nínú fáìlì ibi iṣẹ́. Ilé ẹjọ́ gíga ní Adó ni wọ́n ti ń gba letter of administration, ìwé àṣẹ láti bójú tó ohun ìní olóògbé, àwọn ọmọ sì ní láti fi hàn pé ẹnì kan náà ló ni orúkọ méjèèjì. Àbúrò olóògbé kéré nígbà tí olóògbé yí orúkọ padà. Ta ni yóò gbé Màmá lọ sí kóòtù? Àwa sì rèé, odidi kíláàsì tó jókòó tì í nígbà tó ń jẹ́ ti àkọ́kọ́, tí a sì gbọ́ nígbà tó yí i. Ìrẹsì la gbé lọ.

Èmi àti ẹnì kan nínú wa tó wà ní Ìjerò lọ búra sí ìwé. Mo mú fọ́tò kíláàsì wa dání. Nítorí náà, bí ẹ bá dé Ọ̀mùò, lẹ́yìn ìkíni, ẹ rọra béèrè bóyá ìwé kan wà tó nílò ẹlẹ́rìí. Ẹ béèrè nípa àjẹsẹ́kù rẹ̀, ẹ béèrè bóyá ó ti ra ilẹ̀ kan pẹ̀lú ẹnikẹ́ni nínú yín. Àwọn nǹkan wọ̀nyí, ọ̀rẹ́ ló ń mọ̀ wọ́n, ìyàwó lè má mọ̀.

Ìwé ilé ẹjọ́ ti jáde. Owó ni wọ́n ṣì ń lé kiri ọ́fíìsì. Ní ti alága wa, àwòrán ọjọ́ náà ṣì wà lórí WhatsApp ẹgbẹ́. Mo ní kó yọ ọ́, èmi ló yọ.