Kí orúkọ ọmọbìnrin parí síbi tí ẹ fẹ́

Ọ̀kún o, ẹ̀yin òbí tí ẹ ń retí ọmọbìnrin. Àwọn kan máa ń mú lẹ́tà ìparí kí wọ́n tó wá orúkọ: "A fẹ́ èyí tó parí sí a," tàbí "kó bá ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mu." Àwọn ìyá àgbà lè fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́, àmọ́ èmi ò rí àìdáa níbẹ̀. Ohun tí mo ti kọ́ ni pé lẹ́tà nìkan kọ́ ni kéèyàn máa lé, ọ̀rọ̀ tó gbé lẹ́tà náà dání ni.

Orúkọ Yorùbá kì í parí sí b, k tàbí l. Fáwẹ̀lì méje la ní, a, e, ẹ, i, o, ọ, u, pẹ̀lú n tó ń fi hàn pé imú la fi pe fáwẹ̀lì tó ṣáájú rẹ̀. Mẹ́jọ péré. Ẹni tó bá fẹ́ òmíràn yóò yá orúkọ, ẹnu ilé yóò sì fi fáwẹ̀lì kún un: Ruth á di Rúùtù, Esther á di Ẹ́sítérì. Tiwa ní ìhà ibí tún lé kan, t tó ń gbẹ̀yìn orúkọ Mùsùlùmí. Orúkọ tó ń jẹ́ Aminat lẹ́nu Yorùbá ló ń jẹ́ Amina lẹ́nu Hausa, Fatimat sì ń di Fatima. Ọmọ tó bá dàgbà láàárín Kàbà sí Lọ́kọ́jà yóò gbọ́ méjèèjì. Ẹ mú ọ̀kan, kó má di pé ilé ìwé kọ t, ilé ìwòsàn yọ ọ́.

Ẹ wá lọ sídìí ọ̀rọ̀. Tó bá jẹ́ a lẹ fẹ́, ọlá ló pọ̀ jù, bíi Mojísọ́lá àti Bùkọ́lá, olúwa àti ẹwà tẹ̀lé e. Adé àti dé ló ń mú e wá. Lẹ́tà ẹ ń bọ̀ láti inú kẹ́, ọpẹ́ àti ìfẹ́. I láti inú mi, sí àti bí. Ayọ̀ ló fẹ́rẹ̀ẹ́ gba gbogbo ọ̀. Dùn àti yìn ló ni n: Ìbídùn, Tóyìn. O àti u ló ṣọ̀wọ́n. Oríkì bí Àwẹ̀ró àti Àbẹ̀ró wà fún o. Fún u, Adétutù wà, àti àwọn tó parí sí Olú. Ẹni tó bá tẹnu mọ́ u, kó ní sùúrù.

Kí ẹ má sì fi lẹ́tà gbàgbé ìtàn. Yétúndé parí sí e lóòótọ́, Ìyábọ̀ parí sí ọ, ṣùgbọ́n ìyá àgbà gbọ́dọ̀ ti lọ kí wọ́n tó sọ ọmọ bẹ́ẹ̀. Adé náà, àwọn ilé kan ṣì gbà pé ti ọmọ ọba ni. Bí ọmọ bá sì gbé orúkọ tirẹ̀ wá láti ọ̀run, bí Àìná tó fi ìwọ́ kọ́ ọrùn, tàbí Ìgè tó fi ẹsẹ̀ wáyé, tàbí Ìdòwú tó tẹ̀lé ìbejì, ìyẹn ti kúrò lọ́wọ́ yín. Ẹ wá lẹ́tà yín sínú orúkọ kejì.

Nínú gbogbo ìparí wọ̀nyí, kẹ́ ló ń sọ pé obìnrin ni jù: Àjọkẹ́, Àdùkẹ́, Àyìnkẹ́, Àbẹ̀kẹ́. I kò sọ ọ́. Àṣàbí jẹ́ obìnrin, Àkànbí jẹ́ ọkùnrin. Àbẹ̀ní jẹ́ obìnrin, Àjàní jẹ́ ọkùnrin. Ẹni tó bá ní "i ló máa ń jọ ti obìnrin" kò tíì ka oríkì tó.

Ibi tó ń dun àwọn òbí jù ni ìgékúrú. Ẹ lè forí ṣe fọrùn ṣe kí ẹ tó rí Fúnmiláyọ̀ nítorí ọ̀, kí àdúgbò sọ ọ́ di Fúnmi láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Títílayọ̀ á di Títí. Fọlákẹ́mi lè di Kẹ́mi, kí i yín wà níbẹ̀, ó sì lè di Fọlá, kó parí sí a. Tolúlọpẹ́ tí ẹ mú nítorí ẹ, Tolú ni wọn yóò máa pè é, ẹ ti bọ́ sọ́wọ́ u tí ẹ ò wá. Ìdí rẹ̀ ni pé nígbà tí iwájú orúkọ bá lè dá dúró, ẹnu kì í sábà rin dé ẹ̀yìn. Bí ẹ bá fẹ́ kí ìparí dúró, ẹ mú èyí tó fi Olúwa tàbí Olú bẹ̀rẹ̀, tí ìrù rẹ̀ sì kúrú, torí iwájú yẹn ni wọ́n ń jù nù: Olúwatóyìn di Tóyìn, Olúfúnkẹ́ di Fúnkẹ́. Ẹ̀yin fúnra yín ni kí ẹ kọ́kọ́ pe ìgékúrú tí ẹ fẹ́, láti ọjọ́ ìsọmọlórúkọ gan-an. Ẹni tó bá dákẹ́, ìta ni yóò bá a yàn.

Ti ẹ̀gbọ́n àti àbúrò: Fúnkẹ́ àti Rónkẹ́ dùn lórí ìwé, ṣùgbọ́n bí ìyá bá pariwo láti ilé ìdáná, "kẹ́ẹ́" nìkan ló ń dé òde. Kí ọ̀kan nínú yín dúró lẹ́yìn ilé, kí ìkejì wà níwájú, kí ẹ pe méjèèjì wò. Tí kò bá yàtọ̀ létí, ẹ fi ayọ̀ tàbí ọlá rọ́pò kẹ́ ọ̀kan. Ẹ tún pe orúkọ náà mọ́ ti bàbá láìsinmi. Bísọ́lá Adéyẹmí, a méjì pàdé, ọ̀kan á gbé èkejì mì.

Ní ti ìwé, fọ́ọ̀mù kì í gba àmì. Ẹ àti e á di ọ̀kan náà, ọ àti o bẹ́ẹ̀. Ṣadé tí wọ́n bá kọ ní "Shade", ẹni tí kò gbọ́ Yorùbá yóò kà á bí èdè Òyìnbó, e yín á sì sọnù pátápátá. "Sade" sàn díẹ̀. Èyíkéyìí tí ẹ bá mú, òun náà ni kó wà lórí ìwé ìbí, NIN àti WAEC, torí àtúnṣe lẹ́yìn ọ̀la ń bèèrè ìwé ìbúra ní kóòtù àti ìkéde nínú ìwé ìròyìn.

Kí ọjọ́ kẹjọ tó pé, ẹ lọ bá àwọn àgbà ìhà méjèèjì. Ẹ má bá wọn sọ̀rọ̀ lẹ́tà o. Ẹ ní, "Màmá, ẹ bá wa wá èyí tí ayọ̀ gbẹ̀yìn rẹ̀," wọn yóò ka márùn-ún sílẹ̀ kí ẹ tó jókòó. Èyí tí ẹ bá yàn, ẹ kọ ọ́ tàmì-tàmì sórí ìwé, kí ẹ sì kọ bí yóò ṣe wà lórí fọ́ọ̀mù sábẹ́ rẹ̀, kí ẹni tó ń lọ gba ìwé ìbí mú un dání.