Ìjókòó Dírípù ní Ṣágámù àti ní London

Ìdajì lítà omi, ìyẹn 500 ml, tí dókítà bá ní kó wọ ara ní wákàtí 4, wákàtí 4 náà ni ní Ṣágámù, òun náà ni ní London. Ẹni tó ń ṣọ́ ọ ni kò rí bákan náà. Ibẹ̀ ni ohun tí aláìsàn yóò gbé dání ti ń wá, ibẹ̀ náà la ó ti mọ̀ bóyá yóò lè fojú kan oorun.

Ní ìlú Ọba, pọ́ǹpù ni wọ́n sábà máa ń so mọ́ òpó dírípù. Nọ́ọ̀sì á tẹ 125 ml fún wákàtí kan sí i, ó parí. Bí apá bá ká, bí okùn bá lọ́, bí afẹ́fẹ́ bá wọnú okùn tàbí tí omi bá tán, ẹ̀rọ á han gooro. Kí àyà yín má já. Lọ́pọ̀ ìgbà, apá tó ká ni. Ẹ na apá, kí ẹ tẹ aago pe nọ́ọ̀sì. Ẹ má fọwọ́ kan bọ́tìnnì ẹ̀rọ.

Ní ọ̀pọ̀ wọ́ọ̀dù ní Rẹ́mọ àti Ìjẹ̀bú, gíga tí wọ́n gbé àpò omi kọ́ ló ń ti omi wọlé. Okùn dírípù tó wọ́pọ̀, ẹ̀kán 20 ló ń pé 1 ml. Nọ́ọ̀sì á wo aago, á ka nǹkan bí ẹ̀kán 42 ní ìṣẹ́jú kan, á sì fi kẹ̀kẹ́ kékeré ara okùn tún un ṣe. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹni tó tẹ̀ lé aláìsàn wá ló di ẹ̀rọ tó ń han gooro. Bí aláìsàn tó sùn bá dìde jókòó, àyà rẹ̀ ti sún mọ́ àpò omi, ẹ̀kán á falẹ̀. Bó bá gbé àpò náà sísàlẹ̀ lọ sílé ìtọ̀, ẹ̀jẹ̀ á gba inú okùn padà sókè. Nítorí náà, kí wọ́n gbé e ga ju orí rẹ̀ lọ. Kí wọ́n pe nọ́ọ̀sì nígbà tó bá ku bí 50 ml, kí wọ́n má dúró dìgbà tó gbẹ. Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹbí má tú kẹ̀kẹ́ ara okùn nítorí pé wọ́n fẹ́ bá mọ́tò Ìjẹ̀bú-Igbó. Omi tó yára jù lè kún ẹ̀dọ̀fóró, bí potassium, iyọ̀ kan tí wọ́n máa ń fi sínú dírípù, bá sì wà nínú rẹ̀, ó lè da ìlù ọkàn rú.

Ọ̀rọ̀ apá ni mo fẹ́ kí ẹ mú ṣe pàtàkì jù níbi méjèèjì. Kí wọ́n tó gún yín, ẹ sọ ọwọ́ tí ẹ fi ń jẹun, kí wọ́n lo ìkejì. Iwájú apá ló dára, kì í ṣe oríkèé ìgbọ̀nwọ́, torí ẹni tí kánúlà, ìyẹn rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n fi sínú iṣan, wà ní ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ kò lè di fóònù mú, kò lè ta ayò, gbogbo ìgbà tó bá ká apá ni omi ń dúró. Obìnrin tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ ọyàn fún, tí wọ́n yọ kókó abíyá rẹ̀, kí ó sọ ọ́ kí wọ́n má gún apá yẹn. Omi mímu láti àárọ̀ àti ọwọ́ tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ máa ń jẹ́ kí iṣan yọ. Ìbọ̀wọ́ ṣe pàtàkì nínú òtútù London, bẹ́ẹ̀ náà ni ní àárọ̀ ọyẹ́. Bí ibi tí wọ́n gún bá wú, tó tutù, tó ń ta tàbí tó ń jóni, ẹ sọ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Àwọn àgbà wa máa ń fara dà á kí wọ́n má bàa yọ nọ́ọ̀sì lẹ́nu, bẹ́ẹ̀ kẹmó (oògùn jẹjẹrẹ) mìíràn wà tó ń jó ẹran ara tó bá jò sí.

Ní ti aṣọ, bùbá aláápá gbígbòòrò dára púpọ̀. Nílé, ní Ṣágámù, ẹ mú aṣọ ìbora dání, torí omi dírípù tutù ju ara lọ. Ní London, wọ́n sábà máa ń fúnni.

Ní London, tíì àti bisikíìtì sábà máa ń wá bá yín lórí àga. Nílé, fúláàsì yín ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó fẹ́ràn ìkọ́kọrẹ́, kó má jẹ ẹ́ lọ́jọ́ kẹmó: oúnjẹ tí èébì bá bá pàdé lè di ohun tí ara kọ̀ fún oṣù púpọ̀. Ẹ jẹ́ kó jẹ́ ẹ̀kọ tàbí búrẹ́dì lásán, tí kò ní òórùn. Ẹni tó ń gba oxaliplatin, ọ̀kan lára àwọn kẹmó, kó jìnnà sí gaari Ìjẹ̀bú olómi tútù fún ọjọ́ mélòó kan. Ohun tútù lè mú ọ̀nà ọ̀fun há, kí ìka máa ta ṣínṣín.

Ní ti ara, àga London tó ń tẹ̀ sẹ́yìn ló dùn jù. Ní ti ọkàn, ilé ni mo máa yàn: ẹnìkan wà níbẹ̀ tí yóò ta ayò pẹ̀lú yín, tí yóò sì gbàdúrà. Ní London, ọ̀pọ̀ ibi kì í gba ju ẹnìkan lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ aláìsàn, nítorí náà ẹ ti wa ìwàásù tàbí eré sórí fóònù kí ẹ tó jáde. Páwábáǹkì wúlò níbi méjèèjì. Ẹ má yọ wáyà pọ́ǹpù láti fi gba iná sí fóònù.

Bí wọ́n bá yọ kánúlà, ẹ fi òwú tẹ ibẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú 3, kí apá nà. Piriton tí wọ́n máa ń fún ni ṣáájú ẹ̀jẹ̀ tàbí oògùn máa ń mú oorun wá, nítorí náà ẹ má wa ọkọ̀, ẹ má sì gun ọ̀kadà. Bí ọjọ́ ìtọ́jú bá bọ́ sí ọjọ́ kẹta Iléyá ní Ìjẹ̀bú-Òde, ẹ tètè sọ fún dókítà kí wọ́n sún un, torí Ojúde Ọba á ti dí ọ̀nà.