Àpòòwé tó wà lẹ́yìn agolo ṣúgà

Ọdún mọ́kànlá ni mo fi ṣe nọ́ọ̀sì ní ilé ìwòsàn ìjọba kan n'Ìbàdàn kí n tó kọjá sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, mi ò sì rántí ọjọ́ kan tí ẹnikẹ́ni bi mí bóyá mo fẹ́ wọ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́. Ìwé owó oṣù àkọ́kọ́ ni mo fi mọ̀. Mo wo ibi tí wọ́n kọ owó orí sí, mo rí òmíràn nísàlẹ̀ rẹ̀: owó ẹgbẹ́. Mo bi ẹ̀gbọ́n tó ń mú mi mọ wọ́ọ̀dù, ó rẹ́rìn-ín. "Wọ́n ti bí ẹ sínú ẹ̀ nìyẹn." Òfin tí wọ́n ṣe ní 2005 sọ pé a kò gbọdọ̀ fipá mú òṣìṣẹ́ wọ ẹgbẹ́ o. Àmọ́ ta ló fẹ́ lọ kọ lẹ́tà pé kí wọ́n má yọ owó òun mọ́?

Bí mo ṣe wọ ẹgbẹ́ láìfọwọ́ sí ìwé náà ni mo ṣe ń yanṣẹ́ lódì. Rédíò ló máa sọ ọ́ lálẹ́. Tílẹ̀ bá fi máa mọ́, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ á ti so ewé mọ́ géètì, wọ́n á máa kọrin láti wọ́ọ̀dù dé wọ́ọ̀dù, ẹni tí wọ́n bá bá nídìí iṣẹ́, wọ́n á lé e jáde. Mo ṣì ń rí ìyá kan tí àwọn ọmọ rẹ̀ ń gbé wọ inú Micra láàárọ̀ ọjọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ò gba inú ọkọ̀, wọ́n ní láti ká a. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà wo aṣọ funfun ọrùn mi, ó ní, "Nọ́ọ̀sì, Ọlọ́run á bi yín." Mi ò rí nǹkan kan sọ. Èmi kọ́ ni mo ti géètì. Èmi náà ò sì lọ ṣí i.

Ìdí nìyẹn tí mi ò fi bá ẹni tó ń bú ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ nílé jà, mi ò sì bá ẹni tó ń yìn ín jiyàn. Ẹnu kan náà ló ń ṣe méjèèjì. Ní January 2012, tí owó jálá epo fi òru ọjọ́ kan gbéra láti náírà 65 dé 141, ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ni gbogbo ìlú sá tọ̀. Ọjà tì, báńkì tì, èrò kún Ọjọ́ta ní Èkó bí ìgbà ọdún. Kò ju ọ̀sẹ̀ kan lọ, ìjọba já a wá sí 97, àwọn olórí ẹgbẹ́ ní ó tó. Kí ilẹ̀ tó ṣú, wọ́n ti di ọ̀dàlẹ̀ lẹ́nu àwọn tó ń pàtẹ́wọ́ fún wọn: "Wọ́n ti gba ẹ̀gúnjẹ." Ti ASUU, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì, náà kò yàtọ̀. Oṣù mẹ́jọ ni wọ́n fi yanṣẹ́ lódì ní 2022, láti 14 February dé 14 October. Òbí tó bú àwọn olùkọ́ láàárọ̀ lè bú ìjọba lálẹ́, kó sì gba òun lójú pé òótọ́ lòún sọ lẹ́ẹ̀mejèèjì. Ká má tiẹ̀ tíì dé ìdí ọkọ̀. Tó o bá ní "yúníọ̀n" ní Ìwó Ròódù, ẹni tó ń já tíkẹ́ẹ̀tì fún onímọ́tò ni wọ́n máa rò pé ò ń wí.

Ìlú kékeré kan nítòsí Barnsley ni mò ń gbé báyìí. Níbí, èmi fúnra mi ni mo fi fóònù forúkọ sílẹ̀ nínú RCN, ẹgbẹ́ àwọn nọ́ọ̀sì, tí mo sì ní kí báńkì máa yọ owó rẹ̀. Àfi ìgbà tí ọ̀rọ̀ ìyanṣẹ́lódì dé ni mo tó mọ̀ pé kì í ṣe rédíò ló máa sọ ọ́. Bí òfin ṣe wà ní 2022, wọ́n á fi ìwé ìbò ránṣẹ́ sí ẹ nílé, pẹ̀lú àpòòwé tí wọ́n ti san owó pósítì rẹ̀. Tí àwọn tó dìbò kò bá pé ìdajì, ìbò ọ̀hún ti fọ́ nìyẹn, kódà kí gbogbo wọn ti kọ bẹ́ẹ̀ ni. Ká tiẹ̀ ní ó kọjá, ẹgbẹ́ ní láti fún ọ̀gá níwèé ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú nígbà yẹn, bí ẹni pín ìwé ìpè ìgbéyàwó. Nílé, àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Níbí, ìka kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń kà.

October 2022 ni tèmi dé. Mo fi í sẹ́yìn agolo ṣúgà nínú kíṣìnì, mo ní mo máa kọ ọ́ tí mo bá ti iṣẹ́ alẹ́ dé.

Lọ́jọ́ Sunday, lẹ́yìn ìsìn, mo dárúkọ ẹ̀ níbi tá a ti ń jẹ ìrẹsì. Arábìnrin kan, ọmọ Adó-Èkìtì, tó ń tọ́jú àwọn arúgbó láti ilé dé ilé, gbé ṣíbí rẹ̀ sílẹ̀. "Sister mi, ṣé torí yúníọ̀n lẹ ṣe ta ilẹ̀ bàbá yín?" Gbogbo tábìlì rẹ́rìn-ín. Àmọ́ kì í ṣe àwàdà fún un. Tí iléeṣẹ́ tó mú un wá bá lé e, ó lè jẹ́ ọjọ́ 60 péré ni wọ́n máa fún un láti rí òmíràn tàbí kó palẹ̀ mọ́. Òun àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kì í sì í ríra. Oníkálùkù ló ń wa mọ́tò tiẹ̀ kiri. Tí wọ́n bá tiẹ̀ fẹ́ yanṣẹ́ lódì, géètì wo ni wọ́n máa so ewé mọ́?

Ìlànà físà yọ ìyanṣẹ́lódì tó bófin mu sọ́tọ̀, wọn ò lè kà á sí pé èèyàn sá níṣẹ́. Ìgbà tó yá ni mo kà á. Lọ́jọ́ yẹn, mo kàn délé, mo po tíì, mo dá agolo ṣúgà padà síwájú àpòòwé.

Níléèwòsàn wa, àwọn tó dìbò ò pé ìdajì. Lọ́jọ́ 15 December, tí àwọn nọ́ọ̀sì RCN yanṣẹ́ lódì ní England fún ìgbà àkọ́kọ́ láti 1916 tí wọ́n ti dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀, inú bọ́ọ̀sì ni mo ti rí ti ìlú kejì. Wọ́n dúró sẹ́nu géètì nínú òtútù, tíì lọ́wọ́, ẹnikẹ́ni ò lé ẹnikẹ́ni. Àwọn ọlọ́kọ̀ ń fọn fèrè fún wọn, awakọ̀ wa náà fọn tiẹ̀. Mo tẹ orí ba bí ẹni tó ń wá nǹkan nínú báàgì.

Bàbá tó ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ló wá sọ ohun tó wà lẹ́yìn fèrè yẹn fún mi. Awakùsà èédú ni wọ́n. Láti March 1984 dé March 1985 ni wọ́n fi yanṣẹ́ lódì, torí pé ìjọba fẹ́ ti ibi ìwakùsà wọn, ọwọ́ òfo ni wọ́n sì padà. Àbúrò wọn ti padà síṣẹ́ kí ìjà tó parí, wọn ò sì tíì bá a sọ̀rọ̀ títí dòní. Ní 1979, ọmọ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ tó mílíọ̀nù 13 ní ilẹ̀ wọn. Lónìí, ó lé díẹ̀ ní mílíọ̀nù 6. Èmi náà sọ ti Enugu fún wọn, bí ọlọ́pàá ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣe yìnbọn pa awakùsà èédú 21 ní November 1949. Wọn ò gbọ́ ọ rí. Wọ́n gbé kọ́ọ̀bù wọn sórí ọgbà, wọ́n ní kí n tún iye yẹn pè.

Nígbà tí wọ́n tún dìbò ní 2023, ọjọ́ tí tèmi dé ni mo jù ú sínú àpótí pósítì. Gbogbo England ni wọ́n kà pọ̀ lọ́tẹ̀ yìí. Àwa tá a dìbò jẹ́ ìpín 43 nínú ọgọ́rùn-ún. Kò tó.

Ní June 2024, mo fi fóònù pe màmá mi. Mo ti gbọ́ pé àwọn òṣìṣẹ́ ti pa iná gbogbo Nàìjíríà nítorí owó oṣù tó kéré jù.

"Iná wo?" ni màmá wí. "Ṣé a ní iná tẹ́lẹ̀ ni?"

Lóòótọ́, kí oṣù July tó parí, ìjọba ti sún owó oṣù náà láti 30,000 náírà sí 70,000. Màmá ní kò lè ra àpò ìrẹsì kan. Wọ́n wá bi mí bóyá wọ́n ti fowó kún tiwa. Mo ṣàlàyé ìbò, ìdajì, ìpín 43. Wọ́n fara balẹ̀ gbọ́ ọ tán.

"Pósítì lẹ wá ń fi bínú lọ́hùn-ún, Àṣàkẹ́?"