Gìtá kẹrin: ojú rẹ̀ ti wà lórí tábìlì

Ọ̀sẹ̀ kìíní
Mo gba owó àsansílẹ̀ lánàá. Nínú mẹ́ta tí mo ti ṣe sẹ́yìn, àbúrò mi ń lo ọ̀kan, ọ̀kan wà ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, àkọ́kọ́ sì wà lára ògiri nílé mi, ọrùn rẹ̀ ti tẹ̀. Ìkẹrin yìí ni ẹnìkan máa kọ́kọ́ sanwó lé lórí kí n tó mú ayùn.

Káfíńtà ni mí. Ọdún mẹ́rin ni mo fi kọ́ṣẹ́ àga àti bẹ́ẹ̀dì n'Íbàdàn. Nígbà tó yá, mo ń bá àwọn olórin ṣọ́ọ̀ṣì tún gìtá ṣe ní Sátidé: afárá (igi kékeré tó di okùn mú lójú gìtá) tó ṣí, ọrùn tó sán. Ibẹ̀ ni mo ti rí inú gìtá. Mo máa ń rántí Antonio de Torres, ará Sípéènì. Káfíńtà lòun náà kó tó máa ṣe gìtá. Ní 1862, ó fi páálí ṣe ẹ̀yìn àti ẹ̀gbẹ́ gìtá kan, ó fi igi ṣe ojú rẹ̀, ìyẹn pákó iwájú tí afárá wà lórí rẹ̀, kí aráyé lè mọ̀ pé ojú ló ń gbé ohùn.

Ọ̀sẹ̀ kejì
Mo lọ sọ́jà pákó ní Bódìjà fún ọ̀gànwó. Ẹni tó tà á fún mi búra pé ó ti gbẹ. Mo là á, inú rẹ̀ tutù rinrin. Ó dùn mí gan-an. Kọ́bọ́ọ̀dù àtijọ́ tí ìyá wa àgbà fi sílẹ̀ ni mo tú. Ọ̀gànwó ni, ó ti gbẹ tipẹ́tipẹ́.

Ọ̀sẹ̀ kẹrin
Mo fá pákó ẹ̀gbẹ́ dé mílímítà 2, mo rẹ ẹ́ sómi, mo tẹ̀ ẹ́ lára páìpù irin gbígbóná. Ti àkọ́kọ́ dá níbi ìbàdí. Èkejì gbà.

Ojú ló gba àkókò mi jù. Spruce ni, òkè òkun ló ti wá, owó rẹ̀ ju ti gbogbo igi yòókù lọ. Mo ti fi igi ọmọ, tí wọ́n fi ń gbẹ́ ìlù, ṣe ojú gìtá kejì. Ohùn rẹ̀ rọ̀, ṣùgbọ́n kò jìnnà. Mo ń fá spruce yìí díẹ̀díẹ̀, mo ń fi ìka méjì gbé e sókè, mo ń kàn án, mo ń gbọ́. Ní mílímítà 4, kọ́kọ́kọ́ ló ń dún. Nígbà tó dé 2.8, ó dáhùn gbòòò, ó sì pẹ́ kó tó dákẹ́. Mo gbé irin sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ kẹfà
Òjò ò dá. Mi ò lè lẹ àwọn egungun abẹ́ ojú, àwọn igi tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń fún un lágbára, báyìí. Bí a bá lẹ̀ wọ́n nígbà tí igi mu omi, tí ọyẹ́ bá dé, ojú á fẹ́ sún kì, egungun ò ní jẹ́ kó sún, á là. Mo kó gbogbo rẹ̀ sínú àpótí tí gílóòbù ń jó nínú rẹ̀, títí ọ̀rinrin fi wálẹ̀ sí bíi ìdá 48 nínú 100.

Ọ̀sẹ̀ kẹjọ
Ọrùn. Láti orí dé afárá jẹ́ mílímítà 650. Mo fi 17.817 pín in, nọ́ńbà tí a fi ń wá àyè àwọn irin tẹ́ẹ́rẹ́ tí à ń tẹ okùn mọ́ lọ́rùn gìtá. Irin àkọ́kọ́ bọ́ sí 36.5 láti orí, ìkejìlá gbọ́dọ̀ bọ́ sí 325 gééé. Igi àpá ni mo kàn wọ́n mọ́.

Lálẹ́ òní mo lẹ afárá. Oníbàárà pè, ó bi mí bóyá òun lè wá wò ó ní Sátidé. Mo ní kó máa bọ̀, kó mú okùn tó fẹ́ràn dání.