Ìgò Epo Ilé Ìdáná Mi

Télọ̀ ni mí. Mọ́kọ́lá, nílùú Ìbàdàn, ni ṣọ́ọ̀bù mi wà, ó sì ti pé ọdún 18 tí mo ti ń jókòó sídìí ẹ̀rọ níbẹ̀. Téèpù tí mo fi ń wọn àwọn oníbàárà náà ni mo fi wọn ara mi ní oṣù kìíní ọdún tó kọjá: ínǹṣì 44 níkùn. Mo gun òṣùwọ̀n ní kẹ́míìsì tó kọjú sí wa, kílò 94 ni mo wọ̀n. Orúnkún ti ń dùn mí nígbà náà, ìyá mi sì wà nílé tí kò lè gun àtẹ̀gùn mọ́ nítorí orúnkún. Ẹ̀rù bà mí.

Ni mo bá bẹ̀rẹ̀ ìrìn. Tó bá ti di aago márùn-ún ààbọ̀ ìdájí, mo ti dé pápá ìṣeré Lekan Salami ní Adámásingbà. Mo ń rìn fún ìṣẹ́jú 45, ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀, òógùn á bò mí títí aṣọ á fi lẹ̀ mọ́ mi lára. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, mo tún gun òṣùwọ̀n. Kílò 93 ààbọ̀. Mo sunkún ní kẹ́míìsì yẹn.

Ẹ̀ka oúnjẹ aṣaralóore ni àbúrò mi obìnrin ti ń ṣiṣẹ́ nílé ìwòsàn. Ó ní kí n sọ ohun tí mo máa ń jẹ bí mo bá ti ti pápá dé. Mo ní àkàrà mẹ́fà, ẹ̀kọ, àti ìgò ẹlẹ́rìndòdò kan, torí mo ti ṣiṣẹ́, ó yẹ kí n jẹun.

Ó ní, "Àǹtí mi, ẹni tó tóbi tó yín, tó bá fi ìṣẹ́jú 45 yára rìn, nǹkan bíi 250 kálórì, ìyẹn òṣùwọ̀n agbára tí oúnjẹ ń fún ara, ló máa lò kún èyí tí ara ì bá lò lórí ìjókòó. Ìgò ẹlẹ́rìndòdò 50cl yẹn nìkan fẹ́ẹ̀ kó gbogbo rẹ̀ padà. A ò tíì dé orí àkàrà."

Ó wá bi mí ní ohun tí ẹnikẹ́ni ò bi mí rí: ìgò epo kan, ọjọ́ mélòó lẹ ń lò ó? Ìgò 75cl, ọjọ́ márùn-ún, àwa mẹ́rin. Ó mú ìwé, ó ṣírò ó lójú mi. Gíráàmù kan ọ̀rá, kálórì mẹ́sàn-án. Gíráàmù kan èlùbọ́ tó gbẹ kò tó mẹ́rin. Ìgò epo náà lé ní 6,000. Tí a bá pín in, ó ju 300 lọ lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan lójúmọ́, epo nìkan nìyẹn o. Gbogbo ìrìn àárọ̀ mi ò tó o.

Èyí dùn mí torí iṣẹ́ tí mò ń ṣe. Mi ò lè fi ojú wo aṣọ oníbàárà kí n gé e. Àmọ́ láti ìgbà tí mo ti wọlé ọkọ, ojú ni mo fi ń da epo.

Ọ̀rọ̀ kan tí àbúrò mi tún sọ ò kúrò lọ́kàn mi. Àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Loyola ní Chicago fi àwọn obìnrin ìgbèríko Nàìjíríà wé àwọn obìnrin adúláwọ̀ ní Maywood, lẹ́bàá Chicago, wọ́n sì gbé èsì rẹ̀ jáde ní 2008. Àwọn ti Maywood sanra jù wọ́n lọ dáadáa, àmọ́ agbára tí ara wọn ń lò fún iṣẹ́ lójúmọ́ ò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ síra. Mo rántí ìyá àgbà mi ní Ìgbó-Ọrà. Oko ni mo máa ń sọ pé ó jẹ́ kó tẹ́ẹ́rẹ́. Mi ò rántí ọbẹ̀ ilá rẹ̀ tí kì í fi epo sí, ẹja kékeré kan nínú rẹ̀, ẹran di ọjọ́ ọdún.

Mo bá sáré lọ sí òdì kejì. Mo pa ẹ̀bà tì, mo pa àmàlà tì, kùkúḿbà àti omi ni mò ń jẹ, mo sì ń rìn lọ. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, òòyì kọ́ mi ní pápá, mo ní láti jókòó sílẹ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, ọwọ́ mi ń gbọ̀n, mo rán apá bùbá oníbàárà kan sódì. Àbúrò mi bínú gidi. Ó ní bí oúnjẹ ò bá tó, ọ̀rá nìkan kọ́ ni ara máa jẹ, á jẹ iṣan náà, iṣan ọ̀hún sì ni a fi ń rìn.

Láti ìgbà náà ni mo ti ní ṣíbí epo: ṣíbí mẹ́ta fún ìkòkò ọbẹ̀ wa. Àmàlà wà, ó ti kéré sí ti tẹ́lẹ̀, ewédú ló pọ̀. Ẹyin méjì tàbí mọ́ínmọ́ín lẹ́yìn ìrìn, omi ni mò ń mu. Lọ́jọ́ méjì lọ́sẹ̀, mo ń gbé kẹ́ẹ̀gì omi lítà márùn-ún sọ́wọ́ kọ̀ọ̀kan, mò ń dìde, mò ń jókòó, kí iṣan má bàa lọ. Nǹkan bíi 500 kálórì ló dín lójúmọ́, èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ láti inú ìkòkò. Kílò ọ̀rá kan tó nǹkan bíi 7,700, nítorí náà ẹ má retí ìyanu lọ́sẹ̀ kan. Bí ara bá sì ti fúyẹ́ ni ohun tó ń lò ń dín kù; oṣù kẹfà, òṣùwọ̀n dúró gbọnrangandan fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Ìrìn ni mi ò fi sílẹ̀. Ó jẹ́ kí n máa sùn dáadáa, orúnkún mi sì ti dákẹ́.

Kílò 83 ni mo wà báyìí, ínǹṣì 38 níkùn. Ìgò epo tí mo ṣí lọ́jọ́ Ajé, òní Àbámẹ́ta, ó ṣì ju ìdajì lọ.