Bí A Ṣe Ń Dán Yọ́ọ̀tì Wò Kí A Tó Tà Á, àti Ìdí Tí N Kò Fi Ní Tà Á fún Ẹni Tó Fẹ́ Gbé E Sí Lọ́kọ́jà

Iṣẹ́ alágbàtà yọ́ọ̀tì ni mo ń ṣe ní gúúsù ilẹ̀ England, ní agbègbè tí wọ́n ti ń kan púpọ̀ nínú àwọn ọkọ̀ yìí tí olówó fi ń ṣe fàájì lórí òkun. Ilé iṣẹ́ tó di Sunseeker bẹ̀rẹ̀ ní Poole ní ọdún 1969, èyí tó ń kan Princess sì ti bẹ̀rẹ̀ ní Plymouth ní ọdún 1965. Bí mo bá wálé sí Kàbà, ohun tí àwọn ènìyàn máa ń rò ni pé mo kàn ń gba atẹ́gùn òkun kiri ni, tí wọ́n sì ń sanwó rẹ̀ fún mi. Láìpẹ́ yìí, ẹ̀gbọ́n mi kan, ọmọ Ìsánlú, tí Ọlọ́run ti bù kún nídìí iṣẹ́ kọngílá, pè mí. Lẹ́yìn ọ̀kún o àti àlàáfíà ilé, wọ́n ní àwọn fẹ́ ra yọ́ọ̀tì kan tí àwọn yóò máa gbé sí Lọ́kọ́jà, níbi tí Odò Ọya àti Odò Bẹ́núé ti pàdé, kí n sì ṣàlàyé bí a ṣe ń dán an wò, kí ẹnikẹ́ni má baà lu àwọn ní jìbìtì. Àlàyé tí mo ṣe fún wọn ni mo kọ síbí, nítorí àwọn nìkan kọ́ ló ti béèrè.

A kì í gbé yọ́ọ̀tì jáde fún ẹni tó kàn fẹ́ gùn ún wò. Ọkọ̀ tó gùn tó mítà 20, tó ní ẹ́ńjìnnì dísù méjì tí agbára ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn lé ní ẹgbẹ̀rún ẹṣin, lè mu epo tó ju 300 lítà lọ ní wákàtí kan bí ó bá ń sáré. Bí ó bá jẹ́ àlòkù, oníbàárà àti ẹni tó ni ọkọ̀ ti gbọ́dọ̀ fẹnu kò lórí iye, kí wọ́n fọwọ́ sí ìwé àdéhùn, kí ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún owó náà sì ti wà nínú àkáǹtì ọ̀tọ̀ tí ẹnikẹ́ni nínú wọn kò lè dá fọwọ́ kàn. Ẹ̀yìn ìyẹn ni ìdánwò lójú omi máa ń wáyé. Ìwé àdéhùn náà máa ń sọ pé bí ìdánwò tàbí àyẹ̀wò bá fi àléébù gidi hàn, oníbàárà lè kọ ọkọ̀ náà kí ó sì gba owó rẹ̀ padà. Ní ibi ìpàtẹ ńlá bí èyí tí wọ́n máa ń ṣe ní Cannes ní oṣù kẹsàn-án ọdọọdún, gbogbo ènìyàn ló ń bọ́ bàtà sílẹ̀ kí wọ́n tó wọ inú ọkọ̀, gbogbo wọn ló sì jọ olówó. Ẹni tó bá ní kí n ṣí ibi tí ẹ́ńjìnnì wà fún òun ni mo máa ń tẹ̀ lé. Mo kàn ń rẹ́rìn-ín músẹ́ sí àwọn tó ń ya fọ́tò àga aláwọ àti bẹ́ẹ̀dì ni.

Ní ọjọ́ ìdánwò, ọwọ́ ni ẹ kọ́kọ́ máa lò. Ẹ fi ọwọ́ kan ẹ́ńjìnnì kí ẹnikẹ́ni tó tan án. Ó yẹ kí ó tutù. Bí ó bá lọ́wọ́ọ́wọ́ nígbà tí ẹ dé èbúté, ẹnìkan ti tan án ṣáájú yín, kò sì burú kí ẹ béèrè ìdí, nítorí ẹ́ńjìnnì dísù tó ti gbó máa ń ṣòro tan nígbà tó bá tutù, ṣùgbọ́n bí ó bá ti gbóná tẹ́lẹ̀, ó lè tan lẹ́ẹ̀kan náà bí ẹni pé kò sí nǹkan kan. Lẹ́yìn náà, kí ẹnìkan dúró sí ẹ̀yìn ọkọ̀, kí ó máa wo èéfín. Èéfín dúdú ń sọ pé epo kò jó tán, yálà nítorí pé afẹ́fẹ́ kò wọlé tó tàbí nítorí pé ẹrù wúwo ju agbára ẹ́ńjìnnì lọ. Èyí tí àwọ̀ rẹ̀ rí bí aró ń sọ pé ọ́ìlì ń jó pẹ̀lú epo. Èyí tó funfun kò jẹ́ tuntun ní òwúrọ̀ tútù, àmọ́ bí ẹ́ńjìnnì bá ti gbóná dáadáa tí kò sì kúrò, ó ṣeé ṣe kí omi máa wọ ibi tí kò yẹ kí ó wọ̀.

Bí a bá ti jáde sí ojú òkun gbalasa, a óò fi gbogbo agbára fún ẹ́ńjìnnì fún ìwọ̀nba ìṣẹ́jú. Ibí yìí ni ọkọ̀ ti ń sọ òótọ́ nípa ara rẹ̀, ibẹ̀ náà sì ni ọ̀pọ̀ oníbàárà kì í fọkàn sí, torí pé wọ́n ń gbádùn eré. Ilé iṣẹ́ tó ṣe ẹ́ńjìnnì kọ̀ọ̀kan ti sọ iye ìgbà tó yẹ kí ó yí ní ìṣẹ́jú kan nígbà tí ó bá ń ṣiṣẹ́ tokuntokun. Ká ní 2,300 ni. Bí ó bá dúró sí 2,100 tí kò lọ mọ́, a mọ̀ pé ohun mẹ́ta ló lè fà á: ìdí ọkọ̀ ti dọ̀tí pẹ̀lú àwọn ẹ̀dá omi tó lẹ̀ mọ́ ọn, tàbí pùròpẹ́là rẹ̀, abẹ̀bẹ̀ irin tó ń yí lábẹ́ omi láti ti ọkọ̀ lọ, kò bá a mu, tàbí agbára ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. Owó díẹ̀ ló ń tún àkọ́kọ́ ṣe. Ìkẹta lè ba òwò jẹ́ pátápátá. A máa ń sáré lọ, a sì tún máa ń sáré bọ̀ lójú ọ̀nà kan náà, nítorí pé bí ìṣàn omi bá ń ti ọkọ̀ lẹ́yìn, eré tí gééjì ń kà lè tan ènìyàn jẹ. Ẹ tún béèrè iye epo àti omi tó wà nínú táńkì, nítorí ọkọ̀ tí táńkì rẹ̀ ṣófo fúyẹ́, eré rẹ̀ yóò sì ju èyí tí ẹ máa rí ní ọjọ́ tí ẹ bá kó ẹbí àti ẹrù sínú rẹ̀.

Ìdánwò kò tíì tán pẹ̀lú eré. A máa ń yí ìtọ́kọ̀ dé òpin sí ọ̀tún àti sí òsì, a máa ń dá ọkọ̀ dúró lójijì, a máa ń ju ìdákọ̀ró sílẹ̀ a sì ń fà á padà, a máa ń tan jẹnẹrétọ̀ pẹ̀lú gbogbo ẹ̀rọ amúlétutù lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ sọ̀kalẹ̀ lọ jókòó nínú yàrá olówó ọkọ̀ nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ké lójú eré, kí ẹ mọ̀ bóyá ẹ lè sùn níbẹ̀.

Lẹ́yìn èyí, wọn yóò fi ẹ̀rọ gbé ọkọ̀ kúrò nínú omi, olùyẹ̀wò tí oníbàárà fúnra rẹ̀ gbà yóò sì mú òòlù kékeré, yóò máa fi kan ìdí ọkọ̀ láti iwájú dé ẹ̀yìn, gẹ́gẹ́ bí obìnrin tó ń ra ìkòkò amọ̀ ṣe máa ń fi ìka kàn án kí ó lè gbọ́ bóyá ó ti sán. Yóò bu ọ́ìlì díẹ̀ nínú ẹ́ńjìnnì kọ̀ọ̀kan, yóò fi ránṣẹ́ sí ilé àyẹ̀wò láti mọ̀ bóyá èérún irin ń wọnú rẹ̀. Oníbàárà ló ń san owó olùyẹ̀wò yìí, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀. Ẹni tí alágbàtà bá mú wá fún yín, ẹ má gbà á.

Iṣẹ́ tèmi nínú gbogbo èyí ni kí n dákẹ́. Ẹni tó ni ọkọ̀ ló ń san làádà mi, èyí tí ó sábà máa ń jẹ́ ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún owó ọkọ̀, nítorí náà àǹfààní mi ni kí ọkọ̀ náà tà. Síbẹ̀ mo máa ń ní kí ó jẹ́ kí n ka gbogbo àléébù tí ó mọ̀ fún oníbàárà kí a tó kúrò ní èbúté. Àléébù tí a ti sọ ṣáájú ti wà nínú iye tí wọ́n fẹnu kò sí. Èyí tí olùyẹ̀wò bá fi òòlù rí fúnra rẹ̀ máa ń mú kí oníbàárà bẹ̀rẹ̀ sí í wá mẹ́wàá mìíràn.

Ẹ̀gbọ́n mi gbọ́ gbogbo rẹ̀ pẹ̀lú sùúrù, wọ́n ní ó yé àwọn, wọ́n sì béèrè ìgbà tí wọ́n lè gbé e dé Lọ́kọ́jà. Mo sọ fún wọn pé n kò ní tà á fún wọn. Yọ́ọ̀tì tó gùn tó mítà 20 máa ń rì wọ inú omi tó mítà kan àbọ̀ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, pùròpẹ́là rẹ̀ ló sì sábà máa ń wà nísàlẹ̀ pátápátá. Ẹni tó bá wo Odò Ọya ní oṣù kẹwàá, pàápàá ní irú ọdún 2012 tàbí 2022 tí omi wọ àárín ìlú, yóò rò pé ọkọ̀ ogun lè gba ibẹ̀ kọjá. Kí ó padà wá ní oṣù kẹta, nígbà tí yanrìn bá yọ láàárín odò. Yanrìn náà kì í dúró sójú kan, ọ̀nà tí omi jìn sí lónìí lè di òkìtì yanrìn lọ́dún tó ń bọ̀. Èyí tó tún burú jù ni pé omi odò ni ẹ́ńjìnnì yọ́ọ̀tì ń fà wọlé láti fi mú ara rẹ̀ tutù, omi náà ni ẹ̀rọ amúlétutù inú rẹ̀ ń lò pẹ̀lú. Òkun tó mọ́ ni wọ́n rò kí wọ́n tó ṣe é. Omi pípọ́n tó kún fún yanrìn àti ewéko tó ń léfòó yóò dí asẹ́ rẹ̀, yóò sì jẹ rọ́bà inú pọ́ńbù rẹ̀. Owó ìtọ́jú ọdọọdún, gẹ́gẹ́ bí a ṣe máa ń fojú díwọ̀n rẹ̀ nídìí iṣẹ́ yìí, tó ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún iye ọkọ̀, níbi tí mẹkáníìkì wà nítòsí. Ojú ará ìlú tún wà níbẹ̀. Gbogbo Nàìjíríà rántí ariwo tó sọ ní ọdún 2023 nígbà tí owó yọ́ọ̀tì ààrẹ, bílíọ̀nù náírà márùn-ún, wọ inú àfikún ìṣúná, tí àwọn aṣòfin fi yọ ọ́ kúrò tí wọ́n sì fi kún owó ẹ̀yáwó àwọn akẹ́kọ̀ọ́.

Ohun tí mo ní kí wọ́n rà ni ọkọ̀ fáíbà gbọọrọ tó ní ìbòrí, tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ méjì so mọ́ ẹ̀yìn, irú èyí tí a lè gbé sókè kúrò nínú omi bí yanrìn bá dé. Kí wọ́n mú atukọ̀ tó dàgbà sí etí odò náà lọ bá wọn dán an wò, kí ó sì jẹ́ ní oṣù kẹta. Wọ́n ní àwọn gbà. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá wọ́n tún pè, wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá a lè fi ẹ̀rọ amúlétutù sí i.